Àkúrẹ́ sí London jẹ́ kìlómítà mélòó? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí jíjìn ọ̀nà òfurufú

Ìsọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì wa wà ní Alágbàká, nílùú Àkúrẹ́. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn kì í bi wá ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, àwọn kan láti ẹnu ẹni tó jókòó síwájú mi, àwọn mìíràn lórí WhatsApp ní aago méjì òru. Mo ti yí iye kìlómítà kọ̀ọ̀kan sí èyí tó rọrùn láti rántí, nítorí náà ẹ má torí kìlómítà márùn-ún bá mi jà.

Kìlómítà mélòó gan-an ni Àkúrẹ́ sí London?

Bí ẹyẹ bá gbéra ní pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́, lọ́nà Ọ̀bà-Ilé, tó fò tààrà láì yà síbì kankan títí ó fi bà sí Heathrow, nǹkan bíi kìlómítà 4,945 ni yóò fò. Ìyẹn lé díẹ̀ ní máìlì 3,070.

Àmọ́ ẹ kì í ṣe ẹyẹ. Kò sí bàálù tó ń ti Àkúrẹ́ lọ London ní tààrà. Ìkẹjà tàbí Àbújá lẹ máa kọ́kọ́ dé. Àkúrẹ́ sí Ìkẹjà lójú òfurufú tó nǹkan bíi kìlómítà 230, Ìkẹjà sí Heathrow sì tó 5,000. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, ó di 5,230.

Ṣebí Èkó ló sún mọ́ London ju Àkúrẹ́ lọ?

Rárá o. Àkúrẹ́ gan-an ló fi nǹkan bíi kìlómítà 55 sún mọ́ London ju Ìkẹjà lọ. Ìyá kan tó fẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun ní Peckham gbọ́ èyí lẹ́nu mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, má tàn mí. Èkó ni gbogbo ayé ti ń wọkọ̀." Òótọ́ ni wọ́n sọ, Èkó ni gbogbo ayé ti ń wọkọ̀. Ṣùgbọ́n òkè pátápátá, ní àríwá wa, ni London wà, Àkúrẹ́ sì wà lókè ju Ìkẹjà lọ. Ẹni tó bá kúrò ní Àkúrẹ́ lọ sí Ìkẹjà ti kẹ̀yìn sí London nìyẹn, ó kọjú sí ọ̀nà òkun.

Tí ẹ bá gba Àbújá, nǹkan bíi 290 ni ẹ ó rìn láti Àkúrẹ́, lẹ́yìn náà 4,775 dé Heathrow. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5,065. Ọ̀nà Àbújá fi nǹkan bíi kìlómítà 165 kúrú ju ọ̀nà Èkó lọ. Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ ará Àkúrẹ́ fi ń gba Èkó? Bàálù tó ń lọ òkèèrè pọ̀ níbẹ̀ ju ti Àbújá lọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí èèyàn lè sùn sọ́dọ̀ rẹ̀ sì sábà máa ń wà lÉkòó.

Àwọn ìlú mìíràn ńkọ́?

Láti Ìkẹjà ni mo ti wọn gbogbo wọn. Jeddah, níbi tí àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà ti ń sọ̀ kalẹ̀, jẹ́ 4,200. Dubai jẹ́ 5,900. New York jẹ́ 8,440, Toronto 8,940, Atlanta 9,400. Houston, tí àwọn ọmọ wa kún fọ́fọ́, lé ní 10,400.

Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni Johannesburg. Wọ́n rò pé níwọ̀n bó ti jẹ́ Áfíríkà kan náà, ìtòsí ni. Kìlómítà 4,500 ni. Ìyàtọ̀ àárín rẹ̀ àti London kò ju 500 lọ. Nairobi pàápàá lé ní 3,800. Ilẹ̀ yìí tóbi ju bí máàpù ara ògiri ṣe ń fi hàn lọ, mo máa dé orí ìyẹn nísàlẹ̀.

Kí ló dé tí ibì kan kọ 5,000, ibòmíràn kọ 3,100, ibòmíràn tún kọ 2,700?

Ọ̀nà kan náà ni, òṣùwọ̀n ló yàtọ̀. 5,000 jẹ́ kìlómítà. 3,100 jẹ́ máìlì tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ń lò, ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1.609. 2,700 jẹ́ máìlì ojú omi, èyí tí àwọn awakọ̀ òfurufú jogún lọ́wọ́ àwọn atukọ̀, ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1.852. Tí ẹ bá gbọ́ tí awakọ̀ ń sọ "miles" nínú bàálù, èyí tó kẹ́yìn yìí ló sábà máa ń ní lọ́kàn.

Wákàtí mélòó ni Ìkẹjà sí London?

Nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Àwọn tó mọ ìṣirò máa ń dá mi dúró níbí: bàálù ń sáré tó kìlómítà 900 ní wákàtí kan, 5,000 ni ọ̀nà, ṣé kì í ṣe wákàtí márùn-ún àbọ̀ ló yẹ kó jẹ́? Bí ó bá jẹ́ pé lókè ló ti bẹ̀rẹ̀ tí òkè náà ló sì parí sí, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n aago tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí bàálù bá ti kúrò lẹ́nu géètì ní Ìkẹjà títí dìgbà tó bá dúró lẹ́nu géètì ní Heathrow. Yíyí nílẹ̀ wà níbẹ̀, pípọ́nkè wà níbẹ̀, àti yíyípo lójú ọ̀run London nígbà tí bàálù mìíràn bá ń bà níwájú. Bí òwúrọ̀ bá ti ń mọ́, Heathrow máa ń kún bí ọjà Ọba lọ́sẹ̀ ọdún.

Wákàtí mẹ́fà àbọ̀ yìí kọ́ ni ẹ ó fi ṣètò ara yín. Bàálù aago 11 alẹ́ fẹ́ kí ẹ ti wà ní Ìkẹjà ní aago 7 tàbí 8. Láti Àkúrẹ́ lójú títì, yálà ẹ gba Oǹdó jáde sí Ṣàgámù tàbí ẹ gba Iléṣà àti Ìbàdàn, ọ̀nà náà tó nǹkan bíi kìlómítà 300. Mo ti rí ọjọ́ tí ó gba oníbàárà mi ní wákàtí mẹ́jọ. Bàálù ti lè dé London, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù, láàárín wákàtí tí ẹlòmíràn fi ń wo ẹ̀yìn tírélà. Nítorí náà, ẹ kúrò nílé ní ìdájí, tàbí kí ẹ lọ sùn lÉkòó lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Tíkẹ́ẹ̀tì mi ní mo gbéra ní aago 11 alẹ́, mo dé ní aago 4:30 ìdájí. Ṣé wákàtí márùn-ún àbọ̀ ni?

Wákàtí mẹ́fà àbọ̀ náà ni. Aago tí ẹ rí lórí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ aago ìlú tí ẹ wà nígbà yẹn: ti Nàìjíríà nígbà tí ẹ bá gbéra, ti ìlú Ọba nígbà tí ẹ bá dé. Nígbà òtútù, wákàtí kan ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa. Láti Sunday tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹta títí di Sunday tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹwàá, wọ́n máa ń sún aago wọn síwájú, aago wa àti tiwọn á wá dọ́gba. Àwa kì í sún tiwa.

Atlanta àti New York wà lẹ́yìn wa ní wákàtí márùn-ún nígbà ooru wọn, mẹ́fà nígbà òtútù. Ẹni tó bá gbéra ní Ìkẹjà ní ọ̀sán gangan, tó wà lókè fún wákàtí méjìlá, á bá oòrùn nílẹ̀ ní Atlanta nígbà ooru, nígbà tó jẹ́ pé òru ọ̀gànjọ́ ni nílé.

Ẹ wo àmì +1 kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago tí ẹ máa dé. Ọjọ́ kejì ló túmọ̀ sí. Ní ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, èmi fúnra mi fojú fo àmì náà. Mo kọ ọjọ́ ránṣẹ́ sí ọkọ oníbàárà mi kan, ọkùnrin náà sì dúró ní Heathrow láti ìdájí Friday, òdòdó lọ́wọ́. Ìdájí Saturday ni ìyàwó rẹ̀ dé. Kò tíì dárí jì mí.

Kí ló dé tí lílọ sí Amẹ́ríkà fi ń pẹ́ ju bíbọ̀ lọ?

Afẹ́fẹ́ ni. Lókè níbi tí bàálù ń gbà, nǹkan bíi kìlómítà 10 sókè, afẹ́fẹ́ líle kan wà tó ń ti ìwọ̀ oòrùn fẹ́ lọ sí ìlà oòrùn bí odò tó ń ṣàn. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ àjẹ̀ rí ní Ìgbókọ̀dá mọ ohun tí mò ń sọ. Àjẹ̀ kan náà, apá kan náà, ṣùgbọ́n bí omi bá ń tì ọ́ lẹ́yìn, o ti dé, bí ó bá ń kọjú ìjà sí ọ, ọwọ́ á ro ọ́. Ìkẹjà sí Atlanta máa ń tó wákàtí méjìlá tàbí kó lé díẹ̀. Àbọ̀ rẹ̀ máa ń sún mọ́ mọ́kànlá.

Ti London kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, torí pé láti gúúsù sí àríwá ni bàálù náà ń lọ. Afẹ́fẹ́ náà kàn ń dá ọ̀nà rẹ̀ kọjá ni, kò fi bẹ́ẹ̀ tì í, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dá a padà.

Kí ló dé tí ìlà ọ̀nà bàálù fi ń tẹ̀ bí ọrun lórí máàpù? Kí ló dé tí kò lọ tààrà?

Tààrà ló ń lọ. Máàpù ló tẹ̀. Ayé rí róbótó, a sì fẹ́ ẹ fẹ̀ sórí ìwé pẹlẹbẹ bí ìgbà tí èèyàn bá bó èèpo ọsàn, tó ní kó tẹ́ lórí tábìlì láì ya. Ó gbọ́dọ̀ fà níbì kan. Máàpù tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nílé ìwé wá láti ọwọ́ Mercator, ẹni tó gbé e jáde ní 1569 fún àwọn atukọ̀. Bí ibì kan bá ṣe jìnnà sí agbedeméjì ayé tó ni máàpù yẹn ṣe ń fà á tóbi tó. Ìdí nìyẹn tí Greenland fi dà bíi pé ó tó Áfíríkà, nígbà tó jẹ́ pé Áfíríkà tóbi tó o ní nǹkan bí ìgbà mẹ́rìnlá.

Mo ní gílóòbù kan lórí tábìlì mi, ti ọmọ ilé ìwé ni, ìdí rẹ̀ ti ya, mo fi sẹ́lótéèpù dè é. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, òwú dúdú ìdìrun ni mo máa ń fún un. Mo ní kí ó fi orí òwú kan mú London, kí ó fi ìkejì mú Los Angeles, kí ó wá fà á kó le. Òwú náà á fò kúrò lójú òkun tí gbogbo èèyàn rò pé yóò gbà, á sì rá lọ sókè, ó di orí Greenland. Ibẹ̀ ni bàálù sábà ń gbà lóòótọ́. Lórí ohun tó rí róbótó, ibi tí òwú bá le sí ni ọ̀nà tó kúrú jù.

Ṣé ọ̀nà tó kúrú jù yẹn ni bàálù ń gbà nígbà gbogbo?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Láti Ìkẹjà sí London, orí ilẹ̀ wa ni bàálù máa kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà ni aṣálẹ̀ Sàhárà, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ti Àlìjíríà, kí ó tó dá òkun Mẹditaréníà kọjá bọ́ sí Yúróòpù. Bí ẹ bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lóru, ẹ ó rí i pé iná á tán pátá fún wákàtí bíi méjì. Àwọn kan máa ń rò pé òkun ni. Yanrìn ni.

Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹjọ, 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger, wọ́n ti ojú òfurufú wọn pa. Wọn kò ṣí i títí di ọjọ́ 4, oṣù kẹsàn-án. Gbogbo bàálù tó ń gba ibẹ̀ ló ní láti yí gba ọ̀nà mìíràn, wákàtí pọ̀ sí i, epo pọ̀ sí i. Àwọn tó ń lọ sí Japan láti Yúróòpù ń jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ láti 2022, torí pé Rọ́ṣíà kò jẹ́ kí àwọn bàálù Yúróòpù fò kọjá lókè wọn mọ́. Yàtọ̀ sí ogun, ìjì òjò náà máa ń mú kí awakọ̀ yà, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì ń gba owó lọ́wọ́ bàálù tó bá kọjá lókè rẹ̀.

Mo rí tíkẹ́ẹ̀tì Toronto tó rọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n ó gba Addis Ababa. Ṣé kí n rà á?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀nà náà. Kò sí bàálù tààrà láti Èkó sí Toronto, ẹ gbọ́dọ̀ wọ méjì ó kéré tán. Tí ẹ bá gba London, 5,000 àti 5,700 ni, ó di 10,700. Tí ẹ bá gba Addis, ẹ ó kọ́kọ́ rin 3,900 lọ sí ìlà oòrùn, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ̀ oòrùn ni Toronto wà, kí ẹ tó wá pẹ̀yìn dà rin 11,500. Ó di 15,400. Ó dà bí ẹni tó ń ti Àkúrẹ́ lọ sí Iléṣà tó kọ́kọ́ lọ kí wọn ní Ọ̀wọ̀.

Ohun kan tún wà tí tíkẹ́ẹ̀tì lè má pariwo rẹ̀. Addis wà lórí òkè gíga, nǹkan bíi mítà 2,300 sókè ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Bàálù tó bá gbé epo kún inú pẹ̀lú èrò àti ẹrù máa ń ṣòro láti gbéra níbẹ̀, nítorí náà àwọn tó ń lọ sí Amẹ́ríkà àti Kánádà sábà máa ń bà síbì kan lójú ọ̀nà láti bu epo sí i. Nígbà àbọ̀, àwọn ìlú tí wọ́n ti ń gbéra wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń tì wọ́n lẹ́yìn, ìyẹn ló jẹ́ kí àbọ̀ rọrùn.

Ṣé kí ẹ wá rà á? Ọ̀dọ́ tó ń lọ kàwé, tí báàgì rẹ̀ kò ju méjì lọ, kí ó rà á, owó tó ṣẹ́kù á ra jákẹ́ẹ̀tì òtútù. Bàbá ẹni ọdún 75 tí ẹsẹ̀ ń dùn, èmi kì í ta á fún wọn. Ẹni tó bá wà láàárín méjèèjì, kí ó fúnra rẹ̀ yan èyí tó bá wù ú. Ohun mìíràn pàtàkì: London ní òfin físà tirẹ̀ fún ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ bi wá kí ẹ tó sanwó.

Ṣé bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni owó tíkẹ́ẹ̀tì ṣe ń tó?

Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, Accra kò ní wọ́n. Kìlómítà 400 péré ni láti Ìkẹjà, ṣùgbọ́n owó orí àti owó pápákọ̀ tí ìjọba ń lé sórí tíkẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ bóyá o lọ jìnnà tàbí o kò lọ jìnnà. Iye bàálù tó ń du ọ̀nà kan náà tún ṣe pàtàkì. Nígbà tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ Èkó sí Gatwick, pápákọ̀ London mìíràn, ní ọjọ́ 30, oṣù kẹta, 2024, kìlómítà kò dín, ṣùgbọ́n owó àwọn yòókù wálẹ̀. Ti oṣù Kérésìmesì, ẹ má tiẹ̀ bi mí.

Bàálù wa pẹ́ gan-an. Wọ́n ní owó gbà-má-bínú ń tẹ̀lé kìlómítà. Ṣé òótọ́ ni?

Lábẹ́ òfin ìlú Ọba, òótọ́ ni. Wọ́n pín ọ̀nà sí mẹ́ta: èyí tí kò ju kìlómítà 1,500 lọ, èyí tó wà láàárín 1,500 àti 3,500, àti èyí tó ju 3,500 lọ. London sí Èkó wọ ipele kẹta. Bí ẹ bá fi wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́ kí ẹ tó dé, pọ́n-ùn 520 ni. Bí ó bá wà láàárín mẹ́ta sí mẹ́rin, 260 ni.

Ibi tó le rèé. Òfin náà bo gbogbo bàálù tó bá gbéra ní ìlú Ọba, ti ẹnikẹ́ni ì báà jẹ́. Fún èyí tó ń bọ̀ wá sí ìlú Ọba láti Èkó, àfi tí ilé iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti ìlú Ọba tàbí ti Yúróòpù. Bàálù Nàìjíríà tó gbéra ní Ìkẹjà kò sí níbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ìjì, ogun, tàbí pé wọ́n ti ojú òfurufú pa, owó náà kò tọ́ sí yín, ṣùgbọ́n oúnjẹ àti ibi ìsùn tọ́ sí yín. Ọ̀nà tó kúrú jù láàárín ìlú tí ẹ ti kọ́kọ́ wọkọ̀ àti ìlú tí ẹ parí sí lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n fi ń ka kìlómítà, kì í ṣe ibi gbogbo tí bàálù yà sí.

Báwo ni mo ṣe lè wọn ọ̀nà fúnra mi?

Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí Google Maps, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ ìlú àkọ́kọ́, ẹ yan "Measure distance", ẹ wá tẹ ìlú kejì. Bí ẹ bá ń wá a pẹ̀lú àmì pápákọ̀, Àkúrẹ́ ni AKR, Ìkẹjà ni LOS, Heathrow ni LHR.

Láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ti London tún rọrùn torí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àríwá wa gan-an. Dìgírì kan láti gúúsù sí àríwá jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 111. London wà ní dìgírì 51.5, Àkúrẹ́ wà ní 7.25. Ẹ yọ ọ́, ó ku 44.25. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 111, ó di 4,912. Kìlómítà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n péré ló fi dín sí tòótọ́, torí pé London yà díẹ̀ sí ọwọ́ òsì wa. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ fún New York, ẹ ó ṣìnà.

Ibo ló jìnnà sí Àkúrẹ́ jù láyé?

Ayé yíká tó kìlómítà 40,000, nítorí náà kò sí ibi tó lè jìnnà ju 20,000 lọ. Bí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ ní Àkúrẹ́ tààrà gba àárín ayé kọjá, inú òkun Pàsífíìkì lẹ máa jáde sí, omi lọ súà. Àwọn erékùṣù kan tó ń jẹ́ Tokelau ló wà nítòsí ibẹ̀. Kò sí bàálù kankan láyé tó ń fò tó bẹ́ẹ̀ láì dúró. Èyí tó ń lọ jìnnà jù báyìí, Singapore sí New York, jẹ́ nǹkan bíi 15,350, ó sì lé ní wákàtí méjìdínlógún.

Ọmọkùnrin kan tó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wá sí ìsọ̀ ní kí n bá òun wo iye tíkẹ́ẹ̀tì Tokelau. Kò sí pápákọ̀ òfurufú níbẹ̀. Samoa ni mo lè gbé yín dé, ọkọ̀ ojú omi lẹ máa wọ̀ parí rẹ̀.